Sabina Spielrein: àpótí ìwé tí wọ́n rí ní Geneva, àti ọdún 19 tí kò sí nínú rẹ̀

Ọmọ Akọ̀wé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ gbé e wá síbí nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ìṣègùn ọpọlọ pọ̀ láàárín wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Sabina Spielrein báyìí, ìfẹ́ òun àti Carl Jung, dókítà ọpọlọ ọmọ Switzerland, ni wọ́n á kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀ sí. Fíìmù kan tó jáde ní 2011 tún wá dá kún un. Ó ń dùn mí gan-an. Obìnrin yìí gboyè dókítà. Ó kọ nǹkan bí 30 àpilẹ̀kọ. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi psychoanalysis, ìwòsàn tí aláìsàn ń sọ̀rọ̀ tí dókítà ń tẹ́tí, wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ọ̀kan nínú èrò rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́jọ kí Sigmund Freud, ẹni tó dá psychoanalysis sílẹ̀, tó gbé èyí tó jọ ọ́ jáde. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan la mọ̀ mọ́ ọn? Lójú tèmi, àwọn ìwé tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ló fà á, àti ibi tí wọ́n ti rí wọn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìlú Rostov létí odò Don, ní gúúsù Rọ́ṣíà, ni wọ́n ti bí i ní oṣù kọkànlá ọdún 1885. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣòwò tó rí towó ṣe ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín, òun sì ni àkọ́bí wọn. Bàbá yìí le, ó máa ń na àwọn ọmọ. Ní 1901, ibà táífọ́ọ̀dù pa Emilia, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń dojú rú fún Sabina, títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Burghölzli ní Zürich lọ́jọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1904. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà tó wọlé ṣì wà: ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn, ó ń gbọn orí, ó ń yọ ahọ́n síta. Jung, ọmọ ọdún 29, ni dókítà tó gbà á. Eugen Bleuler ni ọ̀gá pátápátá níbẹ̀.

Kò lò tó oṣù mẹ́wàá. Kó tó jáde ló ti ń bá àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ ìwádìí, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì Zürich. Bleuler fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Ní 1911 ó gboyè. Iṣẹ́ àṣegboyè rẹ̀ dá lórí obìnrin kan tó ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tí Bleuler ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ yẹn ní 1908. Ó jókòó ti obìnrin náà, ó gbọ́ ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní ìsọkúsọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tú u wò títí ìtumọ̀ fi jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ Freud ní Vienna. Obìnrin kejì tó wọ ẹgbẹ́ náà ni.

Ó fẹ́ dókítà Júù kan láti Rọ́ṣíà, Pavel Scheftel, ní 1912. Wọ́n bí Renata ní Berlin lópin 1913. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ lé e padà sí Switzerland, ọkọ rẹ̀ sì gba Rọ́ṣíà lọ. Láti 1920 títí di 1923, Geneva ló wà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Jean-Jacques Rousseau lábẹ́ Claparède, onímọ̀ ọkàn. Nígbà tó ń padà sí Rọ́ṣíà ní 1923, ó fi àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Kò padà wá mú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Palais Wilson, ilé ńlá tí League of Nations, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣáájú UN, ti lò títí di 1936, ìwé Sabina sì bá wọn lọ. Ní 1977 ni wọ́n tó rí wọn nínú àpótí kan ní yàrá abẹ́ ilé. Dáyárì rẹ̀ láti 1909 sí 1912 wà níbẹ̀, àti lẹ́tà tí Jung kọ sí i, lẹ́tà tí Freud kọ sí i, pẹ̀lú àwọn èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kó tó da wọ́n kọ ránṣẹ́. Aldo Carotenuto, onímọ̀ ọkàn ọmọ Ítálì tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Jung, ló tẹ̀ wọ́n jáde ní 1980. Àwọn ajogún Jung kò gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà tirẹ̀. Ó di 1986, nínú ìwé tí wọ́n ṣe ní èdè Jámánì, kí wọ́n tó jáde.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ní 1987, iná jó Palais Wilson. Ká ní àpótí yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ nígbà náà ńkọ́?

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa: ọdún mẹ́ta nínú dáyárì, àti lẹ́tà ọkùnrin méjì tí gbogbo ayé ti mọ̀. Nítorí náà, ohun tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀ ni ọdún mẹ́ta àti ọkùnrin méjì. Láti 1923 títí wọ́n fi pa á ní 1942, ọdún 19, kò sí àpótí kankan.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò lè jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí Jung ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí a ó fi sápá kan ká lè ráyè sọ̀rọ̀ ìwé. Dókítà ni, aláìsàn rẹ̀ sì ni ọmọbìnrin yẹn. Kódà lẹ́yìn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ṣì ń gba ìtọ́jú.

Ẹ rántí lẹ́tà tí Jung kọ sí ìyá ọmọ náà. Ẹnì kan tí kò fi orúkọ síwèé ti kọ̀wé sí ìyá yìí láti ta á lólobó. Ìyá bá kọ̀wé sí Jung pé kó má ba ayé ọmọ òun jẹ́. Èsì Jung ni pé òun kò gba owó ìtọ́jú rí, nítorí náà iṣẹ́ dókítà kò de òun mọ́ ọn bí ẹni tó gbowó, òun sì lè ti ipò dókítà bọ́ sí ipò ọ̀rẹ́. Ó ní bí ìyá bá fẹ́ kí òun dúró ní ipò dókítà, kó yáa san owó, ó sì dárúkọ iye rẹ̀: fránkì 10 fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sì dìde.

Ẹ má jẹ́ ká torí pé a fẹ́ gbé iṣẹ́ obìnrin yìí ga, ká wá fi aṣọ bo ohun tí ọkùnrin náà ṣe.

Ọmọ Akọ̀wé

Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí irú èèyàn tí Sabina jẹ́.

Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, kò jókòó kó máa sunkún. Ó kọ̀wé sí Freud lópin oṣù karùn-ún ọdún 1909 pé òun fẹ́ rí i. Freud béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Jung, Jung sì sọ ọ́ bíi pé ọmọbìnrin náà ló ń lé òun kiri. Freud gba ti Jung gbọ́, ó sì kọ èsì tó fi dá Sabina lẹ́kun. Sabina kò dákẹ́. Ó tún kọ, ó da ọ̀rọ̀ Jung kọ sínú lẹ́tà kí Freud fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì dojú kọ Jung fúnra rẹ̀ pé kó lọ sọ òótọ́ fún Freud. Ní oṣù kẹfà, Jung kọ̀wé sí Freud, ó jẹ́wọ́, ó sì pe lẹ́tà tí òun kọ sí ìyá náà ní ìwà jìbìtì. Freud wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sabina.

Ọmọ ọdún 23 ni, akẹ́kọ̀ọ́, àjèjì nílùú onílùú, ó sì mú kí ọkùnrin méjì yìí yí ọ̀rọ̀ wọn padà sínú ìwé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Freud ni àgbà ọjà nígbà náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí orí ọmọ wọ́. Ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tún orí ara rẹ̀ ṣe.

Bàbá Ìbàdàn

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ní ó ti sọ ohun tí Freud wá sọ lẹ́yìn. Kí ni ohun náà? Ẹ là á yé wa, gbogbo wa kọ́ la jẹ́ dókítà.

Tíṣà Báyọ̀

Bàbá, ẹ jẹ́ n gbìyànjú rẹ̀. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ báyọ́lọ́jì gan-an ni Sabina fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ 29 oṣù kọkànlá 1911, ó dìde láàárín ẹgbẹ́ Freud ní Vienna, ó sì sọ̀rọ̀ lórí ìparun gẹ́gẹ́ bí orísun ìdí tí nǹkan fi ń di ohun tuntun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1912, ni àpilẹ̀kọ náà jáde. Ìbéèrè tó bi ni pé: bí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ bá jẹ́ ohun tó ń fúnni ní ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀rù àti ìríra fi máa ń bá a rìn? Ó ní ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí àtọ̀ ọkùnrin bá pàdé ẹyin obìnrin, kò sí èyí tó kù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nínú méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdánù ara rẹ̀ kí ẹlẹ́kẹta tó lè wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọkàn: ẹni tó nífẹ̀ẹ́ fẹ́ yọ́ mọ́ ẹlòmíràn, ohun kan nínú rẹ̀ sì mọ̀ pé òun ò ní jẹ́ òun mọ́ bó bá ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dáko rí mọ̀ ọ́n. Èyí tí a gbìn nínú iṣu a máa jẹrà nínú ebè kí tuntun tó ta. Sabina kò sọ pé ìparun jẹ́ ọ̀tá ìbí. Ó ní ìkan náà ni wọ́n.

Nígbà tí Freud wá kọ ìwé nípa ìfà tó ń fa ẹ̀dá sọ́dọ̀ ikú ní 1920, ó fi àkíyèsí kan sísàlẹ̀ ojú ìwé pé Spielrein ti sọ púpọ̀ nínú èyí ṣáájú, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun tán. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ló fi í sí. Lójú tèmi, èrò méjèèjì kò papọ̀ rárá. Ti Freud, ikú dúró gédégédé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyè sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ti Sabina, inú ìyè ni ìparun ń gbé. Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé Freud jí èrò rẹ̀. Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò mú.

Ìyá Bísí (London)

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Apá tó wù mí jù ni ti Geneva, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Ẹ mọ Jean Piaget, ẹni tí gbogbo àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ ka ìwé rẹ̀ lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú? Ní 1921, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Geneva, ọ̀dọ̀ Sabina Spielrein ló ń lọ láràárọ̀ fún oṣù mẹ́jọ kó lè yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ẹ rò ó wò. Àwọn méjèèjì wà ní ilé iṣẹ́ kan náà, àwọn méjèèjì ń kọ̀wé nípa èrò ọmọdé, obìnrin ló sì jókòó sórí àga dókítà.

Ní 1920, ó ti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ psychoanalysis ti àgbáyé ní The Hague lórí bí ọmọ ìkókó ṣe ń rí ọ̀rọ̀ tó fi ń pe ìyá àti bàbá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922. Ó ní orí ọmú ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń fa ọmú, ètè rẹ̀ ń ṣe ohun tó ń dún bí "mọ̀-mọ̀". Tí ebi bá wá ń pa á tí ọmú kò sí nítòsí, ó tún ètè ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn jáde, ìyá sì yọjú. Èyí tó dún bí "pa-pa" jẹ́ ti ọmọ tó ti yó, tó ń fi ẹnu ṣeré lórí ọmú. Mo ti fún ọmọ mẹ́ta lọ́mú, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró tí ọmọ máa ń ṣe nígbà tí ebi ń pa á àti èyí tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá yó. Obìnrin tó ti gbé ọmọ ara rẹ̀ sáyà, tó tún fi etí dókítà gbọ́ ọ, nìkan ló lè kọ irú ìwé yẹn. Kódà, ní 1920 yìí kan náà, ó tẹ àpilẹ̀kọ kékeré kan jáde nípa bí Renata ṣe rò pé èèyàn ṣe ń wá sáyé.

Gbogbo èyí ti wà nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí àpótí.

Alákàwé

Ohun tí Ìyá Bísí sọ parí yẹn ni mo dúró lé, èmi kò sì gba ti Ọmọ Akọ̀wé wọlé. Àpótí kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Àpilẹ̀kọ 1912 wà ní ilé ìkàwé. Ti 1922 wà níbẹ̀. Ti 1931, tó tẹ̀ jáde kẹ́yìn, wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Freud tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti kà. Ó lé ní 40 ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ wá a. Ọjọ́ tí wọ́n rí lẹ́tà ìfẹ́ ni gbogbo ayé wá sáré dé.

Ẹ wo ọjọ́ náà pẹ̀lú: dáyárì jáde ní 1980, lẹ́tà Jung ní 1986, ó wá di 1987 kí wọ́n tó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní èdè Jámánì. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ló dé kẹ́yìn. Ta ló tò ó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó rí àpótí. Àwa òǹkàwé ni, àti àwọn tó ń tẹ̀wé fún wa. Bí a bá sọ pé àwọn ìwé tó ṣẹ́kù ló fà á, ṣe là ń dá ara wa láre.

Ọmọ Akọ̀wé

Alákàwé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo sì gbà á fún àwọn ọdún tó ṣáájú 1923. Àwọn ìwé wà nílẹ̀ lóòótọ́, a kò ṣí wọn. Ṣùgbọ́n ti Rọ́ṣíà ńkọ́? Ohun tó ṣe níbẹ̀ kò sí nínú àpótí, díẹ̀ báyìí ló sì wà nínú ìwé ìròyìn. Ìyẹn ni mo ń sunkún lé lórí.

Ará Rostov

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rostov ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, nítorí náà ẹ jẹ́ n gbà á níbẹ̀.

Moscow ló kọ́kọ́ dé ní 1923. Wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ psychoanalysis ti Rọ́ṣíà, ó sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ náà. Ilé ọmọ wẹ́wẹ́ kan wà lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, Vera Schmidt ló ń bójú tó o. Luria, onímọ̀ ọkàn, wà nínú ẹgbẹ́ náà, Vygotsky tó jẹ́ onímọ̀ ọkàn bíi tirẹ̀ náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò pẹ́ tí ìjọba fi yíjú padà. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn pa ní 1925. Sabina padà sí Rostov lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó bí ọmọ kejì, Eva, ní 1926, ó sì ń ṣiṣẹ́ dókítà ọmọdé níbẹ̀. Ní oṣù keje 1936, ìjọba fòfin de pedology, ìmọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé tó ń fi jẹun. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun méjèèjì tó mọ̀ọ́n ṣe jù láyé di èèwọ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Isaac ló fìdí ìmọ̀ ọkàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ múlẹ̀ ní Soviet. Wọ́n mú un ní 1935, wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù kejìlá 1937. Wọ́n pa Jan, onímọ̀ ìṣirò àti ẹ̀rọ, ní oṣù kìíní 1938. Wọ́n pa Emil náà, onímọ̀ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì Rostov, ní 1938. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1937, ọkàn ló pa á. Bàbá rẹ̀ kú ní 1938. Láàárín ọdún méjì, gbogbo ọkùnrin ilé wọn tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ìdí tí kò fi sí ìwé, ta ló máa tọ́jú lẹ́tà láti Vienna sínú ilé tí wọ́n ti mú èèyàn mẹ́ta nínú ẹbí rẹ̀? Ìwé a máa pààyàn nígbà náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kí Sabina tó padà sí Rostov, Pavel ti bímọ obìnrin fún ìyàwó mìíràn. Nígbà tí Pavel kú, Sabina fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá obìnrin náà. Wọ́n jọ ṣàdéhùn pé bí ohunkóhun bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, kí ẹnì kejì gba àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́. Ọmọbìnrin yẹn ló sọ ọ́ fún àwọn òǹkọ̀tàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ìwé àdéhùn. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tó wà.

Ìyá Bísí (London)

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ orogún méjì yẹn mú omi bọ́ lójú mi. Renata àti Eva ńkọ́? Ṣé wọ́n yè é?

Ará Rostov

Wọn kò yè é, ìyá mi.

Àwọn méjèèjì kọ́ orin, Renata ń ta cello, Eva ń ta violin. Nígbà tí ogun dé, Renata padà sílé láti Moscow. Àwọn ọmọ ogun Jámánì kọ́kọ́ gba Rostov lópin 1941, wọ́n sì lé wọn jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n padà dé ní oṣù keje 1942. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo Júù ìlú péjọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Zmievskaya Balka lẹ́yìn ìlú. Nǹkan bí 27,000 èèyàn ni wọ́n pa síbẹ̀ lákòókò náà. Sabina àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nínú wọn. Ẹni ọdún 56 ni.

Mo ti débẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lára òkúta ibẹ̀ pàápàá ti di ìjà. Wọ́n ti fi àkọlé kan síbẹ̀ rí tó sọ pé Júù ni àwọn tí wọ́n pa. Ní 2011 wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn tó ń sọ nípa àwọn ará ìlú àti ọmọ ogun Soviet tí wọ́n mú lẹ́rú rọ́pò rẹ̀, kò sì dárúkọ Júù. Àwọn Júù fẹjọ́ sùn, ọ̀rọ̀ náà sì fà títí wọ́n fi tún un kọ.

Láàárín ìlú, ní òpópónà Pushkinskaya, àkọlé wà lára ilé tí Sabina gbé nígbà kékeré. Ó ní onímọ̀ psychoanalysis ni, ó sì pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ olókìkí ti Jung àti Freud. Nínú ìlú tí wọ́n bí i sí, tó ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n pa á sí, orúkọ ọkùnrin méjì ló ṣì wà níwájú tirẹ̀. Ó bí mi nínú nígbà tí mo rí i, ó ṣì ń bí mi nínú.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mo ti ń ka èyí láti àárọ̀, mi ò tètè lè fèsì.

Ohun kan wà nínú àwọn ìwé yẹn tí ẹnì kankan kò tíì mẹ́nu bà. Nígbà tó wà ní Burghölzli, tó ṣì jẹ́ aláìsàn, ó kọ ohun tó pè ní ìwé ìhágún ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n gbin igi óàkù sórí apá kan nínú eérú náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun náà ti jẹ́ èèyàn rí, Sabina Spielrein ni orúkọ òun. Ẹ̀yin ará, ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù ló kọ ọ́. Mo mọ ohun tó fa irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ àìsàn pe èèyàn, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kì í pẹ́ sọnù. Ní 1907, Jung gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn dókítà ní Amsterdam gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ hysteria, orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn rẹ̀ nígbà náà, láìdárúkọ rẹ̀. Ìyẹn dára, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ wá jáde, àìsàn ló bá jáde.

Àwọn àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀ náà ti di ohun tí gbogbo èèyàn ń kà láti nǹkan bí 30 ọdún. Èmi fúnra mi ti kà wọ́n, mo sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, aláìsàn ni ẹni tí wọ́n kọ wọ́n nípa rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ti dáyárì náà nìyẹn. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ka àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù nípa rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kó ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún aráyé pẹ̀lú. Ìyẹn ni ó fẹ́ ká kà.

Bàbá Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi Àdùkẹ́ dára. Ó ku kí ẹ sọ ibi tí arúgbó bíi tèmi ti lè bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo gbọ́, n kò gbọ́ Jámánì.

Alákàwé

Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti 1912, èyí tí Tíṣà Báyọ̀ ṣàlàyé. Wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1994 nínú Journal of Analytical Psychology. Ó le díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí ó ń fò láti orí ẹyin sórí ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Bí ẹ bá dé ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá àti ọmọ, ẹ óò rí i pé ilẹ̀ ti ń tẹ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Jámánì kó bá yín ka ti 1931. Rostov ló ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ní kí àwọn ọmọdé yàwòrán lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú ní ṣíṣí, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú ní dídì, ó sì fi èkíní wé èkejì láti mọ ohun tí ọwọ́ àti ara mọ̀ tí ojú kò ní lọ́wọ́ nínú. Kò sí Freud nítòsí rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, kò sí Jung, ìjọba sì ti ń fojú burúkú wo ìmọ̀ tó kọ́. Inú ìwé ìròyìn Freud, Imago, ló ṣì fi í sí. Ọmọ Akọ̀wé, ẹyọ kan nìyí nínú ọdún 19 tí ẹ ń wá.

Ọmọ Akọ̀wé

Mo ti rí ẹni tó gbọ́ Jámánì láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. A ó jọ kà á láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò sì máa kọ ohun tó wà níbẹ̀ síbí ní abala-abala. Bàbá, ẹ dúró dè wá. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wò ó fún mi níbi tó bá kan ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọdé.